Ẹni Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Búlúù Náà

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń fi oúnjẹ sẹ́nu sọ̀rọ̀ lórí fóònù, inú mi máa ń dùn. Ìyàwó mi ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, ó sì máa ń bá àwọn ọmọ wí nítorí ẹ̀. Èmi kì í bá wọn wí. Mo ní ìdí tèmi, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan ló sì fà á.

Ìfẹ́ ọkọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lára mi. Bàbá mi, kó tó kú, takisí ló ń wà láàárín Pobè àti Kùtọnù, mo sì ti mọ ìró ẹ́ńjìnnì kan yàtọ̀ sí òmíràn kí n tó mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n rán mi lọ kà, ìwé náà ló sì gbé mi dé ilé ìtajà kan ní Ganhi, láàárín ìlú Kùtọnù, níbi tí mo ti ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ náà dára, ó ń bọ́ wa. Kò kàn lè mú ọkàn ẹnikẹ́ni sáré ni. Nítorí náà, bí a bá ti jáde oúnjẹ ọ̀sán, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń jiyàn bọ́ọ̀lù, èmi á ṣí fóònù mi sí ibi tí wọ́n ti ń ta àwọn ọkọ̀ tó ti ní ìjàm̀bá ní gbàǹjo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní òkè òkun lọ́hùn-ún. Ta ni kò mọ̀ ní Kùtọnù pé ọkọ̀ tí òyìnbó ti sọ pé ó ti kú ló ń jí dìde lọ́dọ̀ wa?

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ọkọ̀ Jámánì ni, ẹlẹ́nu-ọ̀nà méjì, búlúù tó jinlẹ̀ bí aró. Sílíńdà mẹ́fà, irú ọkọ̀ tí kì í fẹ́ rí ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn níwájú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Kánádà ni ó wà, ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Iwájú rẹ̀ lápá òsì ti rún wọlé, iná kan ṣoṣo ló kù fún un, ó ń fi í wò mí láti inú fọ́tò náà. Mo fi kún owó, ẹnìkan tí mi ò mọ̀ fi kún un, mo tún fi kún un. Mo gbàgbé ìrẹsì tó wà níwájú mi. Nígbà tó yá, ẹni náà dákẹ́ níbikíbi tó wà láyé, ọkọ̀ sì di tèmi.

Mo pe ìyàwó mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Bàbá àwọn ọmọ," ó ní, "ṣé ẹnu-ọ̀nà méjì? Ọmọ mẹ́rin ni a bí o."

Mo sọ fún un pé kò lóye. Ó ní lóòótọ́, kò yé òun.

Ọkọ̀ náà gba orí omi wá, ó pẹ́ kó tó dé, ó sì tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń bá mi gba ẹrù ní èbúté. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé Ekpè, ní ọgbà mẹkáníìkì mi létí ọ̀nà etí òkun, mo ti bínú bínú, ó ti rẹ̀ mí. Mẹkáníìkì yìí, ọmọ Gun tí Nàgó rẹ̀, Yorùbá tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, já gaara, wò ó yípo, ó kan sáárá sí i. "Pátírọ̀n," ó ní, ọ̀gá ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, "egungun rẹ̀ kò ṣẹ́. Awọ rẹ̀ nìkan ló bó." Ara tù mí díẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ àṣà kan nílé wa. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ra ọkọ̀, ìyá wa ló ń kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò. Aya kì í ṣáájú rẹ̀, ọmọ kì í ṣáájú rẹ̀. Á jókòó níwájú, á ṣe àdúà, a ó wà á yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan, ìgbà náà ni ọkọ̀ tó di ọkọ̀ ilé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbé e gun ọkọ̀ akẹ́rù tó fi ń kó yanrìn, tòun ti gèlè lórí. Kò sí ẹni tó dán an wò láti fo àṣà yìí, ẹni tó bá sì fò ó yóò máa gbọ́ ẹ̀gàn rẹ̀ títí tí taya á fi jó tán.

Ìyá mi kò lè dúró kí a tún ọkọ̀ náà ṣe tán. Lọ́jọ́ kejì tí ọkọ̀ dé, ó gun zẹ́mì, alùpùpù tó ń kó èrò, wá sí Ekpè láti ilé rẹ̀ ní Godomey, ó mú tẹ̀súbà rẹ̀ dání, ó ní òun kàn fẹ́ fojú rí i. Ó yí i ká. Ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ká kò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni bíni là á jọ, pé bàbá mi náà kò lè rí irin kó má dúró wò ó. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Àpò afẹ́fẹ́ tó tú jáde lára ìdarí ṣì so rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń wò kọ́ nìyẹn. Bẹ́líìtì ni ó mú lọ́wọ́. Wọ́n ti gé e, ojú ibi tí wọ́n ti gé e sì lọ tààrà, nǹkan mímú ló ṣe é.

"Ẹni tó wà níbí ńkọ́?" ó bi mí.

"Ta ni, Ìyá?"

"Ẹni tí wọ́n gé bẹ́líìtì yìí kúrò lára rẹ̀."

Oòrùn ń mú, ọ̀rọ̀ èbúté ṣì ń kùn nínú mi, mo sì ní ẹnu tí kì í dúró de orí. Mo ní, "Ìyá, ọkọ̀ ni mo rà o. Mi ò ra awakọ̀ mọ́ ọn."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bẹ́líìtì náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Ó dáa," ó ní. "Ọjọ́ tí o bá mọ̀ bóyá ẹ kú ewu ni ká kí àwọn ènìyàn rẹ̀, àbí ẹ kú ìrọ́jú, kí o wá pè mí. Títí dìgbà náà, èmi kò wọ̀ ọ́." Ó bá tún gun zẹ́mì padà sílé.

Mo ráhùn dé ọ̀run. Mo na ọwọ́ sí ojú títì fún mẹkáníìkì, mo ní ṣé kò rí gbogbo ọkọ̀ tó tò láti ibí dé Sẹ̀mẹ̀ ni, tó fọ́ níwájú, tó fọ́ lẹ́yìn? Ta ló ń béèrè ẹni tó wà nínú wọn? Bí a bá ní ká máa béèrè, ṣé ọjà kò ní tú? Ó ní, "Òótọ́ ni, Pátírọ̀n," bó ṣe máa ń sọ fún ẹni tó bá ń pariwo. Síbẹ̀, mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á ní gbàǹjo. Wọ́n dá mi lóhùn pé ọkọ̀ làwọn mọ̀, àwọn kò mọ ẹni tó ni ín. Èsì náà jọ tèmi débi pé kò dùn mọ́ mi.

Mo gbájú mọ́ iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ àti Sátidé ni mo máa ń lọ sí Ekpè, mo sì gbádùn rẹ̀ ju bí mo ti lè sọ lọ. A wá rédíétọ̀, a wá iná iwájú, a wá apá irin tó gbé taya òsì dúró, lára àwọn ọkọ̀ mìíràn tí ìjàm̀bá tiwọn jẹ́ láti ẹ̀yìn. Búlúù náà ló yọ wá lẹ́nu jù. Ẹni tó ń kùn ún pò ó, ó mọ́lẹ̀ jù; ó tún un pò, ó di ti aṣọ ọmọléèwé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbà. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dáhùn, mo jókòó sórí taya kan, mo dijú, mo ń gbọ́ ọ. Ìró rẹ̀ wálẹ̀, ó kún, kò sí ikọ́ kankan níbẹ̀. Mẹkáníìkì ti fi bẹ́líìtì tuntun síbi ti àtijọ́, ó ní kí n lọ dán ọkọ̀ wò.

Mo wà á lórí ọ̀nà etí òkun. Ó fò. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti kékeré ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi yìí, ó sì yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì náà fún mọ́ mi láyà, mo sì ń ronú àyà ẹlòmíràn tí ti àtijọ́ ti fún mọ́. Ṣé ó ga ni? Ṣé ọmọdé ni? Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù iwin. Ẹ̀rù pé mò ń gbádùn nǹkan lórí àdánù ẹnìkan ni. Mo dẹ ẹsẹ̀, mo rọra wà á padà. Mẹkáníìkì bi mí bóyá nǹkan ń dún nínú rẹ̀, mo ní kò sí nǹkan tó ń dún.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Lọ́jọ́ Àìkú, mo fọ ọkọ̀ náà, mo wà á lọ sí Godomey, sí ilé ìyá mi, mo ní bí ó bá rí bó ṣe ń dán, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fun fèrè, mo fun ún lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ìyá mi yọjú, ó wò mí, ó wọlé padà.

Mo tẹ̀ lé e wọlé. Inú ń bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, ìbínú náà pòórá.

"Má bínú," ó ní. "Fèrè yẹn ni. Jókòó."

Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Mo mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni bàbá mi kú sí, mo mọ̀ pé wọ́n wọ́ àwókù takisí rẹ̀ wálé, àwọn ẹbí sì tà á. N kò mọ ìyókù.

"Lẹ́yìn ọdún kan àti díẹ̀," ó ní, "mo dúró ní oríta ní Pobè pẹ̀lú ẹrù aṣọ mi. Ni mo rí takisí bàbá rẹ tó ń bọ̀. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà mìíràn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ibi tí ìwọ fi òkúta lù lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nígbà kékeré rẹ ṣì tẹ̀ sínú síbẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló ń wà á. Ó fun fèrè fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ìyá, Kùtọnù ni?'"

"Kí lẹ wí?"

"Kí ni mo fẹ́ wí? Mo wọ̀ ọ́. Ẹrù wà lọ́rùn mi, oòrùn mú. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. N kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Kùtọnù." Ó ká tẹ̀súbà rẹ̀ mọ́wọ́. "N kò bínú sí i. Kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ká ní ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un, ì bá ti mọ̀ pé ìyá kan wà ní Pobè tó yẹ kó kí. Ìkíni lásán ni, ọmọ mi. Kò ní ná an ní nǹkan kan."

Mo ní kí ó má wọ ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kí ó ṣáà jẹ́ ká gbé àga síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ wà níta, màá sì bá a ṣí rédíò sí ètò Nàgó tó máa ń gbọ́ lọ́sàn-án. Ó gbà. Mo gbé àga sábẹ́ ìbòòji ògiri, mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ gbayawu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá rédíò.

Àwọn bọ́tìnnì kan tò sábẹ́ rédíò náà, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Mo tẹ àkọ́kọ́, ó ń ya. Mo tẹ èkejì, ó ń ya. Mo tẹ ẹ̀kẹta, rédíò dákẹ́, ojú gíláàsì rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó kọ nọ́ńbà fóònù sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "Maman."

Mo yọwọ́ bí ẹni tí iná jó.

"Kí ló dé?" ìyá mi bi mí.

"Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ni," mo ní. "Ẹni tó ni ọkọ̀. Ó fi nọ́ńbà ìyá rẹ̀ pamọ́ síbí, kó lè máa pè é láti inú ọkọ̀."

Ó dìde lórí àga, ó wá wò ó bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n kà. "Pè é."

"Ìyá! Bí ọmọ náà bá ti kú ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé ọkọ̀ tó pa ọmọ yín ti wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń sáré dáadáa?"

"Bó bá kú, a ó kí i. Bó bá yè, a ó kí i. Èwo ni kò ṣe é ṣe níbẹ̀?"

Mo fi fóònù tèmi pè é. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Obìnrin kan gbé e, Faransé rẹ̀ ń yí gbirigbiri bí èyí tí n kò gbọ́ rí. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ màdáàmù, mò ń pè yín láti Kùtọnù ní Bẹ̀nẹ̀, mo fẹ́ bi yín léèrè ọmọ yín. Kò jẹ́ kí n débì kan. Ó ní òun ti gbọ́ nípa àwọn bíi tèmi, kí n lọ wá ìyá ẹlòmíràn lù ní jìbìtì. Ó gé e.

Inú bí mi gan-an. Èmi, tí n kò jí ẹran nínú ìkòkò rí! Ìyá mi ní, "Ṣé ìwọ kò ní gé e, bí òyìnbó kan bá pè ọ́ lójijì tó ń béèrè ọmọ rẹ? Tún un pè."

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ láì mí. Ọkọ̀ búlúù, ẹnu-ọ̀nà méjì, iwájú rẹ̀ lápá òsì, bẹ́líìtì tí wọ́n gé. Mo ní n kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Mo ní ìyá mi ló fẹ́ mọ bí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ṣe wà.

Mo gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń dà níbi tó wà, mo gbọ́ nígbà tó tì í pa. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ gé fóònù náà fúnra mi. Lẹ́yìn náà, ó gbé e kúrò létí, ó sì pariwo pe orúkọ kan. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀, mo gbọ́ igi tó ń kan ilẹ̀, kó, kó, kó. Ohùn ọkùnrin kan wọlé, oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀, ó ní ta nìyẹn.

Òkú kì í jẹ búrẹ́dì. Mo fi orí ti ìdarí, ẹ̀rín ń pa mí, omijé sì ń bọ̀.

"Kí ló wí?" ìyá mi ń fa aṣọ mi. "Kí ló wí?"

"Ó ń jẹun, Ìyá! Ó ń jẹun!"

"Alihamudulilahi!" Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó sì gbé ohùn sókè kó lè dé òkè òkun. "Ẹ kú ewu o! Ewu iná kì í pa àwòdì! Ẹ ò ní rí irú ẹ̀ mọ́ láṣẹ Ọlọ́run!"

Mo gba fóònù padà, ọkùnrin náà sì bi mí ohun tó sọ. Faransé tí mo kọ́ nílé ìwé kò ní ọ̀rọ̀ náà. Mo ní ó ń kí yín pé ewu ré yín kọjá, inú rẹ̀ dùn pé ẹ ṣì wà. Mo gbọ́ tó gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ mì. Ó ní ìbàdí òun ló kán, òun ti ń fi ọ̀pá rìn. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti wá wo òun, wọ́n béèrè bí òun ṣe ń sáré tó, wọ́n béèrè ibi tí ọkọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kí òun báyìí. Ó wá fi ìtìjú béèrè bóyá ọkọ̀ náà ṣì ń dún. Mo tan án, mo ní kí ìyá mi gbé fóònù sídìí páìpù èéfín rẹ̀, mo tẹ iná díẹ̀. Nígbà tí mo gba fóònù padà sétí, ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ìyá mi ní kó fún ìyá rẹ̀ ní fóònù.

"Ẹ kú ewu ọmọ o," ló wí fún un.

Mo ní, "Ìyá, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ la fi ń kí bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà lọmọ yìí."

Ó fojú lé mi. "Ṣé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i gbà ni?"

Mo tú u bó ṣe rí. Mo ní lọ́dọ̀ wa, ìkíni ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó ń sọ̀rọ̀ láàárín rẹ̀, ìyá mi tí kò gbọ́ ìdajì ẹ̀ sì ń dá a lóhùn ní Nàgó pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pẹ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. N kò túmọ̀ mọ́. Wọn kò nílò mi.

Nígbà tí wọ́n parí, ìyá mi wọlé lọ wé gèlè. Ó jáde, ó jókòó níwájú, mo bá a di bẹ́líìtì, ó ṣe àdúà tó gùn, ó fi ti ọmọ Kánádà náà àti ti ìyá rẹ̀ kún un. A rọra lọ títí dé oríta Godomey, níbi tí àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Fun fèrè," ó ní.

Mo bi í ta ni a fẹ́ fun ún fún. Ó ní kò sí ẹnìkan, òun kàn fẹ́ tún gbọ́ fèrè ní oríta, kí n ṣáà fun ún. Mo fun ún.